Kì Í Ṣe Òkè Òkun Ló Sọ Yékínì Di Yékínì

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn èèyàn wa láti Ìbafò dé Mówè, ó sì ti dé Ifọ̀ lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Etí mi ò gbà á mọ́. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù gbá ń sọ ọ́. Ìyá tó ń yọ nínú owó ọjà ra bàtà bọ́ọ̀lù fún ọmọ ń sọ ọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń fọn fèrè lórí pápá eléruku ń sọ ọ́, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò náà sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé mímọ́. Wọ́n ní kò sí agbábọ́ọ̀lù tó ń di èèyàn nílé yìí. Wọ́n ní òkè òkun ló ń sọ wọ́n di èèyàn, kí á ṣáà ti wá ọ̀nà tí ọmọ yóò fi jáde, ìyókù á yanjú ara rẹ̀. Bí o bá fẹ́ jiyàn, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa fi pa ọ́ lẹ́nu mọ́: Ràṣídì Yékínì. “Ṣebí ìgbà tó dé Pọ́túgà layé tó mọ̀ ọ́n?”

Irọ́ ni. Mo ń sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Kì í sì í ṣe irọ́ tí èèyàn lè fi sílẹ̀ kó máa rìn kiri, nítorí owó gidi ni wọ́n ń ná lé e lórí. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó wà ní Mówè àti Ìbafò lónìí, owó ilé Èkó ló lé wọn débẹ̀. Wọ́n dá àjọ, wọ́n yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, wọ́n ra hááfù pulọ́ọ̀tì, wọ́n mọ ilé, wọ́n sì kó wọ inú rẹ̀ láìtíì rẹ́ ẹ. Ilẹ̀ kan náà yìí ni bàbá ń gbé jáde tà nígbà tí ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ejẹ́ǹtì bá wá, tó ní òun ti bá ọmọ rẹ̀ rí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, pé owó físà àti owó ìwé ló kù. Kí ló ń mú kí àgbàlagbà tí kò jẹ́ yá àlejò ní owó ọkọ̀ gbé owó ilẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́? Ìgbàgbọ́ yìí náà ni, pé ọkọ̀ òfurufú ló ń sọ ọmọ di agbábọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ wọn kalẹ̀ bí àwọn fúnra wọn ì bá ṣe gbé e kalẹ̀, mi ò ní bu ẹyọ kan kù níbẹ̀. Wọ́n ní: ẹ wo àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Yékínì ní 1993, Emmanuel Amuneke ní 1994, Nwankwo Kanu ní 1996 àti 1999, Victor Ikpeba ní 1997, Victor Osimhen ní 2023, Adémọ́lá Lookman ní 2024. Èwo nínú wọn ló ń gbá bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà lọ́dún tó gbà á? Kò sí. Wọ́n ní líìgì ilé ń jẹ agbábọ́ọ̀lù lówó oṣù, pápá rí gbágungbàgun, ẹni tó bá sì fẹsẹ̀ ṣẹ́, àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò dáwó tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní agbábọ́ọ̀lù tó gbóná jù ní líìgì wa lè rin ọjà Mówè já kí ẹnikẹ́ni má yíjú wò ó, bẹ́ẹ̀ ọmọ kékeré mọ orúkọ ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní ọdún agbábọ́ọ̀lù ò gùn, ẹni tó bá fi ọdún márùn-ún dúró de ìlú yìí ti fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣòfò.

Òótọ́ pọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ. Ẹni tó bá ní owó oṣù ń wọlé déédéé ní líìgì wa ń tan ara rẹ̀ jẹ. Òkè òkun ń sanwó, mi ò jẹ́ jiyàn ìyẹn láé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe fo odò tí wọn ò wẹ̀: wọ́n ní òkè òkun ló ń sanwó, wọ́n wá ní nítorí náà òkè òkun ló ń ṣe agbábọ́ọ̀lù. Ibo ni “nítorí náà” yẹn ti wá?

Ẹ jẹ́ ká gbé ìrìn Yékínì fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń búra. Ọmọ Ìrá ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni, Kàdúná ni wọ́n sì bí i sí, lóṣù kẹwàá ọdún 1963. Kàdúná náà ló ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ aṣọ UNTL. Ní 1982 ó wá sí Ìbàdàn, ó di ọmọ Shooting Stars. Ẹgbẹ́ yẹn gbá bọ́ọ̀lù dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì káàkiri Áfíríkà ní 1984 kí Zamalek ti Íjíbítì tó borí wọn. Lọ́dún 1984 kan náà yẹn ló ti ń wọ aṣọ Nàìjíríà. Nígbà tó kúrò ní Ìbàdàn, ṣé ilẹ̀ òyìnbó ló lọ? Abẹ́òkúta ló wá, sí Abiola Babes, ẹgbẹ́ tí Olóyè MKO Abíọ́lá dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí di 1987. Ẹgbẹ́ náà gba ife Challenge Cup ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1985, ó sì tún gbà á ní 1987. Ẹ rántí irú líìgì tó wà nígbà náà: Shooting Stars níbí, Leventis United níbẹ̀, Abiola Babes lápá ibí yìí, Rangers àti Bendel Insurance lọ́hùn-ún. Àwọn adènà tí ọmọkùnrin náà ń fi èjìká gbá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kì í ṣe àwọn tó ń ṣeré.

Ní 1987 tó wá jáde, Abidjan ni, ní Côte d'Ivoire, sí Africa Sports. Ọdún mẹ́ta ló lò lọ́hùn-ún. Ó di 1990 kó tó fojú kan Setúbal ní Pọ́túgà. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀: ọmọ ọdún 26 ni. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ mẹ́ta ní Nàìjíríà, ó ti ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó ti dé àṣekágbá Áfíríkà. Ta ló kọ́ ọ láti dúró ṣinṣin tí adènà méjì bá rọ̀ mọ́ ọn lára? Ta ló kọ́ ọ ní ìgbá rẹ̀ líle tí ọwọ́ amúlé kì í ràn? Nínú ohun tí Yékínì lò ní Pọ́túgà, èwo ni kò gbé kúrò nílé? Ẹni tó ra aṣọ òfì lọ́jà Ọjẹ́ ní Ìbàdàn, tó wọ̀ ọ́ ròde tí gbogbo ojú ń wò ó, ṣé òun ló hun ún?

Mo mọ iṣẹ́ tó ṣe ní Setúbal, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ìpele kejì ni ẹgbẹ́ náà wà ní sáà 1992 sí 1993, ó gbá góòlù 34 sáwọ̀n, wọ́n gòkè. Nígbà tí wọ́n gòkè tán, sáà tó tẹ̀lé e, ó gbá 21 wọlé, ó sì ṣáájú gbogbo agbábọ́ọ̀lù líìgì Pọ́túgà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Ní 1994, Nàìjíríà gba Ife Áfíríkà ní Tùnísíà, góòlù márùn-ún tó gbá ló pọ̀ jù nínú ìdíje náà. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún yẹn, ní Dallas ní Amẹ́ríkà, ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Àgbáyé wọ àwọ̀n Bọ̀lìgéríà, ó sì di àwọ̀n náà mú, ó ń ké bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ fò jáde. Góòlù 37 ló gbá fún Nàìjíríà lápapọ̀, kò sì tíì sí ẹni tó kọjá rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àmọ́ ẹ bá mi dáhùn èyí. Lẹ́yìn Ife Àgbáyé yẹn, Olympiacos ti Gíríìsì rà á. Nǹkan ò gún níbẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi kúrò. Ó kọjá sí Sporting Gijón ní Sípéènì, kò rí bíi ti Setúbal níbẹ̀ náà. Ṣé Gíríìsì kì í ṣe òkè òkun ni? Ṣé Sípéènì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣágámù ni? Bí ilẹ̀ òyìnbó bá ní oògùn tó ń sọ èèyàn di akọni, kí ló dé tí oògùn náà kò ṣiṣẹ́ lára ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ Áfíríkà? Kò sí oògùn kankan ni. Setúbal fún un láyè, wọ́n sì gbé bọ́ọ̀lù fún un níbi tó fẹ́ ẹ. Àwọn yòókù ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbé láti ilé wá ló ń lò níbi tí wọ́n bá ti gbà á láyè láti lò ó.

Wọ́n á ní ti Yékínì ti pẹ́, ayé ti yí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú ti òní. Victor Osimhen, Olúsosùn ní Èkó ló ti dàgbà, ó ń ta omi inú ọ̀rá nínú gósílóò. Ní 2015, níbi Ife Àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ ní Chile, góòlù mẹ́wàá ló gbá, Nàìjíríà sì gbé ife náà wálé. Lọ́jọ́ yẹn, ẹgbẹ́ òkè òkun wo ló tíì gbá bọ́ọ̀lù fún? Akádẹ́mì Ultimate Strikers ní Èkó ni. Lẹ́yìn èyí ni Wolfsburg ní Jámánì rà á ní 2017. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀: kò rí góòlù kan ṣoṣo gbá sáwọ̀n nínú líìgì Jámánì. Ó farapa, ó ṣàìsàn. Ó dé Bẹ́ljíọ̀mù láti wá ẹgbẹ́ tí yóò gbà á, wọ́n kọ̀ ọ́ lápá ibí, wọ́n kọ̀ ọ́ lápá ọ̀hún, kí Charleroi tó yá a lò ní 2018. Ọmọ tó gbá mẹ́wàá wọlé ní Chile ni wọ́n ń kọ̀ yìí o. Bí dídé òkè òkun bá ń tó èèyàn, ṣé kì í ṣe Wolfsburg ló yẹ kí ayé máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ohun tí òkè òkun kọ́kọ́ ṣe fún Osimhen ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iná tó bá lára rẹ̀.

Táíwò Awóníyì ńkọ́, ọmọ Ìlọrin? Ó wà lára àwọn tó gba Ife Àgbáyé àwọn ọmọdé ní 2013. Liverpool rà á ní 2015, òkìkí kàn, wọ́n ní ó ti dé. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi jẹ́ ti Liverpool, kò sì gbá ìdíje kan ṣoṣo fún wọn, nítorí pé ìwé àṣẹ iṣẹ́ kò jáde. Wọ́n yá a fún Frankfurt, wọ́n yá a fún Nijmegen, wọ́n yá a fún Mouscron, fún Gent, fún Mainz, fún Union Berlin. Ẹ rò ó wò: ọmọdékùnrin tó ń di ẹrù rẹ̀ tó ń tú u, lọ́dọọdún, láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn. Union Berlin rà á pátápátá ní 2021, Nottingham Forest rà á ní 2022, góòlù rẹ̀ ló sì borí Arsenal lóṣù karùn-ún 2023 tí Forest fi dúró sí ìpele gíga. Ilé tó kọ́ ọmọ náà ní sùúrù àti ìforítì ni mo ń wò nínú ìtàn yìí. Àwọn tó ń pariwo “ṣáà ti jáde” kò rí ọdún mẹ́fà yẹn rárá.

Wọ́n tún ní, ká ní wọn ò lọ, ta ni ì bá mọ̀ wọ́n? Èyí ló ń bí mi nínú jù, nítorí pé Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ta ni kò mọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí? Ọmọ Abẹ́òkúta ni, Shooting Stars nìkan ló gbá bọ́ọ̀lù fún títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó wà nínú ẹgbẹ́ náà ní 1976 tí wọ́n gba ife Áfíríkà tó kọ́kọ́ wọ ọwọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Nàìjíríà. Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹta 1980, ní pápá ìṣeré Súrùlérè, Nàìjíríà fi góòlù mẹ́ta sí òdo na Àlùjíríà, ó sì gba Ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdẹ́gbàmí ló gbá méjì nínú rẹ̀. Ta ló gbá ẹ̀kẹta? Múdà Láwàl, ọmọ Abẹ́òkúta mìíràn, ọmọ Shooting Stars mìíràn, ẹni tó gbá Ife Áfíríkà márùn-ún fún Nàìjíríà. Góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fún wa ní ife yẹn, ẹsẹ̀ ọmọ Abẹ́òkúta méjì tí wọ́n ń gbé Ìbàdàn ló ti jáde. Ẹ wá ní kò sí agbábọ́ọ̀lù tó ń di èèyàn nílé! Ọdẹ́gbàmí tí kò lọ yìí náà ló dá ilé-ẹ̀kọ́ àti akádẹ́mì sílẹ̀ ní Wásinmi. Kí ará Ifọ̀ gba Pápáláńtò, kó kọjá Ìtórí, ó ti débẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ sọ pé ìyẹn jẹ́ ti ayé àtijọ́, kó lọ wo Asisat Oshoala, ọmọbìnrin Ìkòròdú. FC Robo ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ibẹ̀ lọ sí Rivers Angels ní Port Harcourt. Ní 2014, ní Ife Àgbáyé àwọn obìnrin tí kò ju ọdún 20 lọ ní Kánádà, òun ni wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, òun náà ló gbá góòlù tó pọ̀ jù. Lọ́dún yẹn kan náà, òun ni agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà, ìgbà àkọ́kọ́ nínú mẹ́fà. Líìgì Nàìjíríà ló wà nígbà tó ṣe gbogbo èyí. Liverpool rà á ní 2015. Wọ́n rí ẹni tó ti dára jù ní Áfíríkà, wọ́n wá rà á. Ìdí tí mi ò fi gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn aláríyànjiyàn yìí kò ṣòro fún mi láti mọ̀: orúkọ rẹ̀ ń tú wọn fó.

Kí n má gbàgbé Tẹslíìmù Balógun, agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Thunder. Ó lọ sí Ìlú Ọba ní 1955, ó dé Queens Park Rangers, ìdíje líìgì 13 péré ló gbá fún wọn. Ìtàn rẹ̀ ní Ìlú Ọba kò gùn, àmọ́ pápá ìṣeré tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Súrùlérè títí dòní. Èkó ló sọ ọ́ lórúkọ, Èkó náà ló sì rántí rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí èrò yìí ń fi pamọ́. Ẹni tó dé ni wọ́n máa ń ka orúkọ rẹ̀. Àwọn tó lọ tí wọn ò dé ńkọ́? Àwọn tí wọ́n já sílẹ̀ ní ilé ìtura ní ìlú tí wọn ò mọ ẹnì kan, tí fóònù ejẹ́ǹtì ò lọ mọ́, tí lẹ́tà ìpè tó wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ ayédèrú tí ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá? Àwọn tí ojú ń tì láti padà sí Mówè nítorí pé ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn? Bí òkè òkun ló ń ṣe agbábọ́ọ̀lù, kí ló dé tí kò ṣe àwọn wọ̀nyí? Ọkọ̀ òfurufú kan náà ni wọ́n wọ̀. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń dáhùn pé “orí ò gbè wọ́n.” Tó bá jẹ́ orí ni, ẹ fi òkè òkun sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ orí.

Èmi ò tilẹ̀ nílò láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan jà. Àwọn tó ni bọ́ọ̀lù ayé fúnra wọn ti dá ẹjọ́ yìí. Òfin FIFA sọ pé nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè kan bá fowó ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ dàgbà, láti sáà tó pé ọmọ ọdún 12 títí dé sáà tó pé 23. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ọdún 12! Wọn ò ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó lọ́jọ́ tó gba físà. Wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ tí ọmọ wà ní pápá ilé-ìwé ní Ìbafò ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kó yé wa. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní Mówè tọ́ ọmọ láti ọdún 12 dé ọdún 17, tí wọ́n wá tà á láàárín ẹgbẹ́ méjì ní Yúróòpù ní mílíọ̀nù 10 yúrò. Ìpín ẹgbẹ́ Mówè yẹn jẹ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún: 200,000 yúrò. Bí wọ́n bá tún un tà lọ́dún mẹ́ta sí i, wọ́n á tún san ìpín náà. Owó yẹn tó láti gbin koríko sí pápá, kó gbé àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ró fún ọdún púpọ̀, kó sì sanwó ilé-ìwé fún gbogbo ọmọ tó ń wọ jẹ́sì ẹgbẹ́ náà.

Kí ló dé tí owó yìí kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wa? Nítorí pé ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, tí kò ní ìwé tó fi hàn pé ọmọ yìí wà lọ́dọ̀ òun láti ọdún báyìí sí ọdún báyìí, kò lè béèrè kọ́bọ̀. Ìdí tí àwọn ẹgbẹ́ wa ò fi forúkọ sílẹ̀ ni pé àwọn fúnra wọn gbà gbọ́ pé àwọn ò ṣe nǹkan kan, pé ibùdókọ̀ lásán ni àwọn, tí ọmọ ń gbà kọjá lọ síbi tí wọ́n ti máa ṣe é. Ẹni tó gbà pé iṣẹ́ òun kì í ṣe iṣẹ́, ṣé ó máa kọ ọ́ sínú ìwé? Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn ń sọ bí àwàdà ṣe ń gbé owó wa fún ẹlòmíràn.

Òfin FIFA kan náà kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi láwọn ààyè díẹ̀ tó yà sọ́tọ̀. Ejẹ́ǹtì tó ní òun máa gbé ọmọ ọdún 15 yín lọ sí Yúróòpù lóṣù tó ń bọ̀, kí ló fẹ́ fi òfin yẹn ṣe? Ejẹ́ǹtì gidi máa ń ṣe ìdánwò, ó máa ń gba ìwé àṣẹ, inú owó tí agbábọ́ọ̀lù bá rí ló sì ti máa ń mú ìpín tirẹ̀. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ bàbá ọmọ kí ọmọ tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ bàbá yẹn ni ọjà tó wá ná.

Wọ́n á wá padà sórí owó oṣù. Wọ́n á ní, bí líìgì ilé kò bá sanwó, ọmọ á ti ṣe? Èsì mi ni pé kí á jà kí líìgì sanwó. Ẹ̀sùn owó oṣù jẹ́ ẹ̀sùn sí àwọn tó ni ẹgbẹ́ àti àwọn tó ń ṣàkóso líìgì. Kò sọ ohunkóhun nípa ibi tí wọ́n ti ń ṣe agbábọ́ọ̀lù. Ó sì ṣeé ṣe. Ìkẹ́nnẹ́ nínú ìpínlẹ̀ wa níbí ni Remo Stars wà, ẹgbẹ́ tí Kúnlé Sóname gbé dìde. Ní 2025, wọ́n gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní pápá tiwọn, wọ́n sì ní akádẹ́mì tiwọn. Sóname kan náà ra ẹgbẹ́ Feirense ní 2015, ní Pọ́túgà, ilẹ̀ tí wọ́n ní ó sọ Yékínì di èèyàn. Láti Mówè, kí èèyàn dé Ṣágámù kó yà sí Ìkẹ́nnẹ́, kò gba ọjọ́ kan. Nínú àwọn bàbá tó ń ta ilẹ̀ nítorí Lọ́ńdọ̀nù, mélòó ló ti mú ọmọ rẹ̀ débẹ̀ rí lọ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ?

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ṣe wá léṣe jù ni orí Yékínì fúnra rẹ̀. Ó padà wálé. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Julius Berger. Ní 2005, ó ti lé ní ogójì ọdún, ó tún wọ jẹ́sì Gateway ní Abẹ́òkúta, ìlú tí Abiola Babes ti gbà á ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ọkùnrin tó gbá góòlù tó pọ̀ jù fún orílẹ̀-èdè yìí ń bẹ láàárín wa, ó ń gbé Ìbàdàn, títí tó fi kú lọ́jọ́ 4 oṣù karùn-ún 2012, ọmọ ọdún 48, wọ́n sì gbé e lọ sin sí Ìrá. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìjọba wo ló pè é pé kó wá jókòó ti àwọn ọmọ Ifọ̀, kó fi bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n hàn wọ́n? Ẹgbẹ́ wo ló kó àwọn ọmọ ọdún 13 síwájú rẹ̀? Bí wọ́n bá ti gbà pé Pọ́túgà ló ni ìmọ̀ tó wà lágbárí rẹ̀, ta ni yóò béèrè ìmọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn?

Mo kọ ìgbàgbọ́ yìí, mo sì ń kọ̀ ọ́ fún gbogbo ọmọ tó ń sáré lórí iyanrìn Mówè ní ìrọ̀lẹ́ òní. Kàdúná, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ló ṣe Yékínì. Setúbal rà á, wọ́n sì jèrè rẹ̀. Kí bàbá tó ń wá oníbàárà fún hááfù pulọ́ọ̀tì rẹ̀ káwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lónìí. Kí ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ní Abẹ́òkúta kó tó di oṣù tó ń bọ̀, kó sì kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé pápá, nítorí pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.